Yàrá Wo Ni Màámi Wà ní Ọ̀run Àpáàdì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ro tẹnu mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Yaba ni, mi ò tíì bọ́ bàtà.

Màámi kú lọ́dún yìí. Ṣọ́ọ̀bù bíà kékeré tó wà níwájú ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa. Bàámi ní tiwọn, díákónì ni wọ́n, ọtí ò kan ẹnu wọn rí. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé nígbà yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé kí òórùn bíà má baà mọ́ wọn láṣọ! Màámi á ní, "Bàbá mímọ́, ẹ kú àbọ̀ o."

Ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ìrántí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, àkọ́bí wa, pásítọ̀ ni wọ́n ní Mushin. Ni wọ́n bá gbé ìwàásù kalẹ̀ ní pálọ̀. Wọ́n ní ọ̀run àpáàdì kì í ṣe ojú kan, pé yàrá yàrá ni: ti àwọn onírọ́ lọ́tọ̀, ti àwọn alágbèrè lọ́tọ̀, ti àwọn tó ta ọtí náà lọ́tọ̀. Ta ni ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí?

Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ ará ìjọ Àgùdà, fò dìde. Wọ́n ní irọ́ gbuu! Pọ́gátórì ni Màámi wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkàn mọ́ kó tó wọ ọ̀run, ká máa ṣe Mísà fún wọn ló kù. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ní kò sí ohun tó ń jẹ́ Pọ́gátórì nínú Bíbélì. Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n wa mìíràn, ní kò síná níbì kankan, òkú ń sùn ni títí dọjọ́ àjíǹde. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Èmi àbíkẹ́yìn ṣáà ń gbé oúnjẹ kiri.

Láti ọjọ́ náà, Bàámi ò jẹun dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí bóyá àwọn tó wà ní yàrá kan lè rí àwọn tó wà ní ìkejì lọ́hùn-ún. Mo ní Ọlọ́run mọ Màámi. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ ọ́n, ohun tí àwọn ń béèrè ni bóyá àwọn á tún rí i.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ti ọjà Tẹ́júoṣó dé, mo bá ṣọ́ọ̀bù Màámi ní ṣíṣí sílẹ̀. Bàámi jókòó sórí àga Màámi, wọ́n dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣí bíà fún mẹkáníìkì kan! Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣí. Bíà ti hó dà sí wọn ní ṣòkòtò.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé. Tìbínú-tìbínú ni wọ́n dé. Wọ́n ní ṣé Bàámi fẹ́ kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Bàámi wò wọ́n. "Káyọ̀dé, ṣebí ìwọ lo ní yàrá àwọn tó ta ọtí ni ìyá rẹ wà? Mo ti dàgbà, ọjọ́ ti lọ. Ìgò mélòó ni mo máa tà kí wọ́n tó lè gbà mí síbẹ̀?"

Wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi pásítọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbíà, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Bàámi, mi ò mọ ibi tí Màámi wà. Mi ò mọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀run àpáàdì bíi pé ẹ ti yálé gbé níbẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sí pálọ̀ kẹ́ ẹ tó la ẹnu.

Ṣé ẹ̀sìn ti da ilé yín rú báyìí rí? Báwo lẹ ṣe parí ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo bẹ̀ yín, torí Bàámi ní níwọ̀n ìgbà tí Káyọ̀dé ò ti mọ̀ dájú, àwọn ò ní ti ṣọ́ọ̀bù.