Báńkì Méjì àti Ẹni Tó Ń Gbà Kẹ́yìn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa ní Longbridge Road, ní Barking nílùú Òyìnbó, n kò tíì jókòó tí ọ̀gá mi, Terry, fi da ìbéèrè bò mí. Òyìnbó Dagenham ni Terry, kò mọ eré ṣe láàárọ̀. Ó ní, "Tí o bá fẹ́ mọ inú báńkì, ohun méjì ni kí o béèrè: ta ló kó owó fún wọn, ta sì ni wọ́n kó o yá?" Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Mo ti kàwé dé yunifásítì, ìṣirò tó le ni mò ń retí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo fi ń jẹun di òní.

Iṣẹ́ wa ni láti yẹ ilé-iṣẹ́ wò fún àwọn tó fẹ́ ra ṣíà. Ẹni tó ra ṣíà báńkì yàtọ̀ sí ẹni tó tọ́jú owó sí báńkì o. Oníṣíà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni báńkì náà. Bí èrè bá wà, wọ́n á pín in fún un. Bí báńkì bá rì, ó bá a rì nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni Màmá Bùkọ́lá wọlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní ọsibítù, ìyá ìjọ sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà kan ní Dagenham East. Wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn yan ọ̀kan nínú báńkì méjì tí kì í kúrò ní agbègbè tiwọn. Ọ̀kan wà létí òkun níhà gúúsù, èkejì wà lókè níhà àríwá. N kò ní dárúkọ wọn. Èyí etí òkun ni mo sọ ní Ẹlẹ́wà, èyí òkè ni mo sọ ní Onísùúrù.

"Fọlákẹ́, bá mi buy èyí tó ń pay dáadáa yẹn jàre," ni Màmá wí.

Lóòótọ́, èrè tí Ẹlẹ́wà ń pín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Onísùúrù, ṣíà rẹ̀ sì pọ́ọ́kú. Mo gbé ìbéèrè Terry kalẹ̀. Ta ló kó owó fún Ẹlẹ́wà? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni, àwọn tó máa kó owó wọn lọ ní kété tí ẹlòmíràn bá fi díẹ̀ lé èlé. Ta ni Ẹlẹ́wà kó o yá? Àwọn tó ń kọ́ ilé alájà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà. Ti Onísùúrù ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn tí òbí wọn ti ń lo báńkì ọ̀hún kí wọ́n tó bí wọn. Àwọn tó ń gbé inú ilé ara wọn ni Onísùúrù sì ń yá lówó. Báńkì náà ń sú ni láti wò, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀.

Màmá gbà tìkọ̀tìkọ̀ pé kó jẹ́ Onísùúrù. Wọ́n wá bi mí pé, "So, ní month end, mo lè máa yọ díẹ̀ díẹ̀, àbí? Sister Ṣadé ló kàn."

"Ó kàn wọ́n láti ṣe kí ni, Mà?"

Wọ́n wo ojú fèrèsé. "Àjọ ni o. Àjọ àwa obìnrin ìjọ."

Owó àjọ ni wọ́n fẹ́ kó ra ṣíà! Màmá ni olórí àjọ, ire ni wọ́n sì rò: dípò kí owó kàn sùn sílẹ̀, kó gbèrú kí kálukú rí ẹ̀ní. Ṣùgbọ́n àjọ ní ọjọ́, ṣíà kò lọ́jọ́. Bí ṣíà bá já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kan Sister Ṣadé ńkọ́? Orúkọ tí Màmá ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe lè bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Mo ní, "Mà, nínú àjọ yín, ta ló máa ń gbà kẹ́yìn?"

"Èmi ni now. Tí ẹnikẹ́ni bá sá lọ, èmi olórí ni mo máa sunkún."

"Oníṣíà nìyẹn, Mà. Tí báńkì bá kó sí wàhálà, àwọn tó tọ́jú owó síbẹ̀ á gbà, àwọn tí báńkì jẹ ní gbèsè á gbà. Oníṣíà ló kẹ́yìn, nígbà mìíràn kì í bá nǹkan kan. Tí ẹ bá fi àjọ ra ṣíà, yálà ti Ẹlẹ́wà tàbí ti Onísùúrù, gbogbo obìnrin yẹn lẹ ti sọ di ẹni ìkẹyìn, wọn ò sì mọ̀. N kò lè bá yín fi owó yẹn rà á."

Màmá dìde, wọ́n tún gèlè wé. "Ọmọ Yorùbá ni mo ní mò ń lọ bá. Òyìnbó ni mo bá níbẹ̀." Wọ́n sì jáde sínú òjò.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ló wà tí wọ́n á ti ta ṣíà fún Màmá láìbéèrè nǹkan kan. Láìpẹ́, ìròyìn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan: àwọn akọ́lé tí Ẹlẹ́wà yá lówó kò rí i san, kò ní sí èrè lọ́dún yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣíà rẹ̀ ti wó. Terry ní mo káre. Káre wo? Màmá nìkan ni mò ń rò, bí wọ́n ṣe máa dúró níwájú àwọn obìnrin yẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo pa ṣọ́ọ̀ṣì tèmi jẹ, mo lọ sí Dagenham East, mo bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Bí ìsìn ṣe parí, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ padà ra Ẹlẹ́wà yẹn?"

Màmá wò mí láti òkè dé ilẹ̀ nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti wọ train lọ́jọ́ kejì, mò ń lọ sí town lọ rà á. Mò ń bínú sí ẹ gan-an! A dé Becontree, mo rántí Sister Ṣadé. Mo ní, ẹni ìkẹyìn kẹ̀, láìsọ fún un? Mo bọ́ sílẹ̀ jàre, mo wọ èyí tó ń padà bọ̀. Owó wà ní savings, kò lọ ibì kankan."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. N kò rò pé iṣẹ́ yìí tún lè fún mi nírú ìtura bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

Nígbà tó yá, Màmá fi owó ara wọn, èyí tí wọn kò nílò nítòsí, ra Onísùúrù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun, wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Fọlákẹ́, mo ti fi name ẹ sí i o. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbà."

Nínú àjọ, ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ gbà, torí ó lè gbà á kó sá lọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mà?"

"Kẹ́yìn now," ni Màmá dáhùn. "Èmi mọ ohun tí mo bọ́ sí."