Ọjọ́ tí Mo Súre fún Ìyàwó Orí Ìtàgé

Ilé-ìwé girama tí ọmọbìnrin mi ń lọ ní Tẹ̀dé kéré débi pé àwọn ọmọ kan náà ló wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Alága Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ náà ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Oníròyìn, òun náà ló sì ń ṣọ́lé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ méjì bá fi ìpàdé sí àkókò kan náà, ọ̀kan ò ní í rí ẹni jókòó. Láràárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Ẹgbẹ́ Oníròyìn máa ń ka ìròyìn, ọmọ mi a sì tún un kà fún wa nílé: ewúrẹ́ kan wọ kíláàsì, ó jẹ máàpù Nàìjíríà láti Sókótó dé Ìlọrin, ọpẹ́ ni pé kò kan Òkè-Ògùn. Ẹ̀rín a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ọmọ náà kì í ka ìròyìn kankan fúnra rẹ̀. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Níta, ohùn rẹ̀ a sá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó wá gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ níbi ayẹyẹ ìparí sáà. Ó dúró, ó lanu, nǹkan kan ò jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Rédíò Aláìníbátìrì. Nítorí náà, nígbà tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní òun ni ìyàwó nínú eré ìgbéyàwó tí Ẹgbẹ́ Àṣà fẹ́ ṣe, tí òun yóò sì sun rárà ìyàwó níwájú gbogbo òbí, ṣe ni mo rọra gbé ayùn ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ta ló fi ọ́ síbẹ̀?"

"Èmi ni mo nawọ́, Bàámi."

"O nawọ́ kẹ̀?"

"Tí n ò bá rí i sun lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bá mi wá ilé-ìwé míì. N ò ní í lè fojú kàn wọ́n mọ́."

Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa ni pé ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ a kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, a fi ohùn arò dágbére fún ilé tó ń fi sílẹ̀. Ìyá mi sun ún nígbà tirẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Òun ló ń kọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ilé ìdáná. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé orógbó lọ, kí n gbé oyin lọ, kí n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, títí ìyàwó mi fi sọ̀rọ̀.

"Baálé mi, ṣé ẹ fẹ́ kó sun rárà ni, àbí ẹ fẹ́ kó bì?"

Lọ́jọ́ eré, mo ti dé ilé-ìwé kí àwọn olùkọ́ tó dé. Tábìlì ni wọ́n tò pọ̀ ṣe ìtàgé. Èmi tí mo jẹ́ káfíńtà, mo mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kan ìṣó sí èyí tó ń yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó síwájú, ìgò oyin lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi lápá kan, ààfáà kan tí ọmọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ lápá kejì. Ìyá mi wà lẹ́yìn wa.

Ọmọ mi jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tó ń ṣe bàbá ìyàwó, èyí tí wọ́n fi òwú lẹ irùngbọ̀n fún. Mo rí i tó lanu. Lẹ́yìn náà, ohùn jáde, tín-ín-rín bí òwú:

"Bàbá mi, ẹni tó ń fi òjìji rẹ̀ bò mí lóòrùn,
ilé tí mo máa ń sá bọ̀ bí òjò bá ṣú,
òní ni mo wá ń kí i bí àlejò.
Ọmọ yín ń lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ lófo."

Ó dákẹ́. Ọmọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n òwú ṣí kúrò lágbọ̀n rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ń wúkọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀rín pamọ́ sínú agbádá, ọmọ mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, ó parí, ohùn ti tún sá. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn bá ara mi nídìí ìtàgé ni, mo na ìgò oyin sí i. Ọmọ náà gbójú sókè. Ó fi orúnkún yí kúrò lọ́dọ̀ onírùngbọ̀n, ó kọjú sí mi gan-an.

"Súre fún un!" Ìyá mi ló ké láti ẹ̀yìn. "Ìre ló ń dúró gbà! Ìyàwó kì í gbéra láìgba ìre. Ta ló ń wá oyin?"

Ni mo bá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìre tí mo rò pé yóò jẹ́ gbólóhùn kan, kò tán mọ́. Mo ní ilé ọkọ á tù ú lára. Mo ní á bí ìbejì, á bí ìdòwú tẹ̀ lé e. Mo ní iṣu rẹ̀ á ta, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á ta. Gbogbo gbọ̀ngàn ń ṣe "Àmín!" bí ẹni ń ja ilẹ̀kùn. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, ọmọ mi ti gba rárà náà padà. Ohùn tó fi gbà á, n kò mọ ibi tó ti rí i. Àwọn ọlọ́kadà dúró lẹ́bàá ọgbà láti gbọ́. Ó sun ún fún mi, ó sun ún fún ìyá rẹ̀, ó sun ún fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí kò sí nínú eré rárá.

Bó ṣe parí, ọmọkùnrin tó ń ṣe ọkọ sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Ẹ ṣé o, Bàbá wa."

"Dìde ńbẹ̀! Ìdánwò àṣekágbá ni kó o lọ fẹ́!"

"Káfíńtà, ó ti bọ́!" Bàbá ọmọ kan láti Ṣakí ló ń pariwo. "O ti súre, a ti ṣàmín, kò ṣe é gbà padà mọ́!"

Gèlè ìyàwó mi ti bọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo tẹ̀ sétí ààfáà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà, eré lásán ni. Ṣé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ máa ń mú ni?"

Ó wo gbọ̀ngàn yíká. "Àwọn tó ṣàmín yẹn pọ̀ o."

Nígbà tí a ń lọ sílé, ọmọ mi wà láàárín ìyá rẹ̀ àti ìyá mi, ó ń lọ bíi kó fò. Mo bi í bóyá ká ṣì máa wá ilé-ìwé míì.

"Ilé-ìwé wo? Bàámi, àwọn ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ti ní kí n wá bá àwọn. Wọ́n ń lọ díje ní Ṣakí."

"Ṣakí? Ta ni yóò wa ọkọ̀ náà? Ṣé táyà rẹ̀ dáa?"

Ó ti rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà iwájú, ó sì ti ń pè wọ́n láti ibi tí a wà.