Ẹrù Tí A Ń Gbà Lọ́wọ́ Bàbá

Èjìká-ò-kọ̀ ni wọ́n ń pe bàbá mi ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógójì gbé àpò sìmẹ́ńtì. Àpò méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì tún máa súfèé lọ. Télọ̀ lèmi ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí, èmi ni mo ń rán ṣòkòtò rẹ̀. Ínṣì mẹ́rìnlélógún ni itan rẹ̀, ọ̀tún bíi tòsì. Télọ̀ ẹgbẹ́ mi kan rí i nínú ìwé mi, ó ní mo ṣì í kọ ni.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí pákó tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ akẹ́rù. Iṣan itan òsì ya. Dókítà ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá wọn ní òun á dá àyè rẹ̀ sí fún oṣù mẹ́fà. Bó bá ti lè gbé àpò kan gun pákó náà, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Ìyẹn nìkan ni bàbá mi ń fojú sọ́nà fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì dókítà, a sọ ọ́ di oṣù mẹ́rin. Ta ló máa jókòó gẹlẹtẹ kí bàbá rẹ̀ máa gbé àga? Bó bá na ọwọ́ sí nǹkan, àbúrò mi ti gbà á. Bó bá fẹ́ dìde lọ bu omi mu, mo ti gbé e dé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ọmọ tó rí ẹrù lọ́wọ́ àgbà tí kò gbà á, ọmọ burúkú ni. Àwọn aládùúgbò ń kan sáárá sí wa, "Bàbá yìí mà bímọ o!" Inú mi ń dùn, èmi òmùgọ̀.

Nígbà tí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ìdí rẹ̀, mo dín in kù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún dín in kù. Èmi tí mo ń fi tépù jẹun ò bi ara mi léèrè ibi tí itan náà ń lọ.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, bàbá ò lè dìde lórí àga mọ́ láìdi ògiri mú. A gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní ọsibítù, tó ń kọ́ àwọn tó ṣèṣe bí wọ́n á ṣe tún máa lo ara wọn. Ó wọn itan méjèèjì. Òsì, ogún ínṣì. Ọ̀tún tí nǹkan kan ò ṣe, méjìlélógún.

"Ibi tó ya ti jinná tipẹ́," ó wí. "Ta ló ń bá bàbá ṣe nǹkan nílé?"

"Àwa ọmọ wọn ni o," mo fi ìgbéraga dáhùn. "Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó gbé tépù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Iṣẹ́ ni oúnjẹ iṣan. Bó bá gbé ẹrù, á fara pa díẹ̀, á tún ara rẹ̀ ṣe, á sì le sí i. Bí kò bá ríṣẹ́ ṣe, ṣe lá máa joro. Ti ọ̀dọ́ máa ń tètè padà. Ti àgbà, ohun tó lọ lọ́sẹ̀ méjì lè gba oṣù mélòó kan kó tó dé. Ó ṣì lè padà o. Àmọ́ ẹ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àwa la kẹ́ bàbá wa bàjẹ́, iṣẹ́ náà sì ti lọ nìyẹn, nítorí oṣù kan péré ló kù nínú oṣù mẹ́fà tí ọ̀gá wọn dá.

Lọ́jọ́ kejì, mo bu omi sí korobá ní ìdajì, mo ní kí bàbá gbé e lọ sí balùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá mi, wá bá mi gbà á."

Kò bẹ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. "Rárá, bàbá."

Ó yíjú sí mi. "Èmi lò ń dá lóhùn báyìí?"

"Ẹ gbé e, bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé e. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sunkún nínú balùwẹ̀, n kò sì wọlé tọ̀ ọ́.