Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Atẹ́gùn Mọ́tò Bàbá Mi Há

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Erunmu, èmi ni mo máa ń fọ mọ́tò bàbá mi láràárọ̀ Sátidé. Àlòkù ni wọ́n rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Atẹ́gùn gbígbóná, ní Erunmu, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Àwa ọmọdé a rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà tí àwọn yòókù yóò fi jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán. Bàbá mi a ní, "Ohun tí ẹ ò mọ ìwúlò ẹ̀, ẹ má fi ṣẹlẹ́yà."

Òjò ló fi ìwúlò rẹ̀ hàn wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrọbí mú Ìyá Ràfátù, ọmọ kò sì wá. Mùsùlùmí ni wọ́n, Aládùúrà ni wá, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa sí tiwọn. Agbẹ̀bí ìjọ wa sa gbogbo ipá rẹ̀, ó wá ní kí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn n'Ìbàdàn.

Ìyá mi àti ìyá ọkọ Ìyá Ràfátù dì í mú lẹ́yìn mọ́tò bàbá mi. Èmi jókòó níwájú pẹ̀lú àkísà, kí n lè máa nu gíláàsì. Òjò ń rọ̀ bí ẹni da àmù nù. Bí mo ṣe ń nu gíláàsì ni èémí wa tún ń bò ó, funfun báláú. Bàbá mi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná náà, kó lè bá wa gbẹ gíláàsì. Ẹ̀rọ náà kàn kùn hùn-ùn, kò yí. Ó ti há. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé Adégbayì, táyà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí kòtò. Bàbá mi dúró.

"Yéè! Ẹ má jẹ̀ẹ́ n kú o," Ìyá Ràfátù ń kérora.

Bàbá mi mú sípánà, wọ́n tú ẹ̀rọ náà jáde. Kò ju agolo mílíìkì lọ. Ìpẹtà àti eruku ti di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú pinpin. "Òróró ni mo nílò," ni wọ́n wí.

Ìyá ọkọ náà tú ẹrù ọmọ tuntun, wọ́n mú ìgò àdín tí wọ́n fẹ́ fi pa ọmọ lára jáde. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ gbà. Kí ọmọ ṣáà ti délé ayé, a ó wá òmíràn."

Bàbá mi fi ọ̀bẹ ha ìpẹtà, wọ́n kán àdín sí i, wọ́n ń fi ìka yí ọ̀pá náà síwá sẹ́yìn. Kò mì. Wọ́n tún kán an. Àfi gbìrí, ó yí! Nígbà tí wọ́n so wáyà rẹ̀ padà, ó dún fììì, òórùn àdín gba inú mọ́tò kan. Kùrukùru èémí wa ń sá láti ìsàlẹ̀ gíláàsì lọ sókè: koríko yọ, igi yọ, títì yọ gbọọrọ níwájú wa.

"Súbúhánàlláhì!" ni ìyá ọkọ náà ké.

"Halelúyà!" ni ìyá mi dáhùn.

A gbé Ìyá Ràfátù dé ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, obìnrin náà ti bí, tọwọ́ tẹsẹ̀.

Lóde òní, mọ́tò wo ni kò ní ẹ̀rọ atẹ́gùn? Bó bá há, wọ́n á ní kéèyàn ra tuntun, wọ́n á ju ògbólógbòó sórí ààtàn. Bí gíláàsì bá ń mọ́ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ mi kì í tilẹ̀ gbójú sókè. N kò bá wọn wí. Wọn ò rí i kí títì sọnù mọ́ èèyàn lójú rí. Èmi rí i, mo sì rí ọwọ́ bàbá mi tó dá a padà.