Ariwo Tó Kù Lẹ́yìn Tí Mo Fa Wáyà Yọ

Ariwo ni mo fi ń jẹun. Sípíkà ni mo máa ń yá àwọn èèyàn fún ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, láti Sabon Zongo tí wọ́n bí mi sí títí dé Jamestown létí òkun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ariwo sípíkà mi ń da òun láàmú, màá ní kó lọ máa gbé inú igbó. Ẹnu mi ò dáa, èmi náà mọ̀.

Lọ́dọọdún, kí àwọn Gà onílẹ̀ tó ṣe ọdún Homowo, wọ́n máa ń ka ìlù àti ariwo léèwọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan. Ṣọ́ọ̀ṣì á rẹ ohùn sílẹ̀, mọ́ṣáláṣí náà á gbé sípíkà wọlé. Àwa tá a ní sípíkà á kó ẹrù wa jọ, a ó máa wò ó. Ìsinmi ni mo ka oṣù yẹn sí tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti ìrun Jímọ̀ dé lọ́sàn-án, mo jókòó sínú yàrá tí mo kó ẹrù sí, mo bá gbọ́ ọ. Ohùn tín-ín-rín kan ni, ó ń dún wíìì láìsinmi, bí ìgbà téèyàn tan sípíkà tí kò fi orin sí i. Inú bí mi. Mo rò pé mo ti gbàgbé ọ̀kan sórí iná ni. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa gbogbo wáyà yọ. Ó ṣì ń dún. Mo lọ pa iná gbogbo ilé nídìí mítà. Ó ṣì ń dún. Nígbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ńṣe lohùn náà tún le sí i, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé inú orí mi ló wà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà.

Wọ́n kọ́ wa nílé kéú pé bí etí èèyàn bá ń hó, kó ṣe asalátù fún Ànábì. Mo ṣe é. Mo ń ṣe é títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, ohùn náà ò dá. Ẹ̀rù mìíràn wá dé. Ta ló ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ò gbọ́, bí kò ṣe wèrè? Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré tó máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ó kọ́kọ́ ní òun ń gbọ́ nǹkan. Mo pinnu pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ìyàwó mi pàápàá.

Ọgbọ́n wo ni mi ò dá? Mo ń tan fáànù kódà tí òjò bá ń rọ̀. Mo ń fi rédíò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mo ń wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí Jamestown, màá jókòó nítòsí ọkọ̀ àwọn apẹja, torí pé ìgbì òkun máa ń bo ohùn náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, màá rò pé ó ti lọ. Tí mo bá délé, àá tún jọ wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi dúró síwájú mi, ó ká apá mọ́ra.

“Bàbá àwọn ọmọ, ta lobìnrin ọ̀hún?”

“Obìnrin wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lọ bá ní Jamestown. Mò ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹ kì í dáhùn mọ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó kejì lẹ fẹ́ fẹ́, ẹ sọ fún mi. Wàláhì, mi ò ní pariwo. Ṣebí wọ́n ti ka ariwo léèwọ̀.”

“Nígbà wo lo bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò dáhùn?”

“Ìgbà wo ni mi ò bá yín sọ̀rọ̀?”

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní ká lọ sí ọsibítù.

Níbẹ̀, wọ́n fi mí sínú yàrá kótópó kan tí ariwo òde ò lè wọ̀. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan bò mí létí, ó fún mi ní bọ́tìnnì kan, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ tí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fi èdè Twi sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ ní sùúrù, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.” Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, mò ń wò ó látinú gíláàsì bó ṣe ń yí ẹ̀rọ náà sókè, tó ń wojú mi, tó tún ń yí i. Mi ò gbọ́ nǹkan kan létí ọ̀tún. Ojú rẹ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan ti bàjẹ́.

Dókítà ní wèrè kọ́, ariwo sípíkà ló ba etí mi jẹ́. Ó ní ohùn náà lè má lọ mọ́, àmọ́ ó lè mọ́ mi lára, kí n má ṣáà máa jókòó síbi tó bá pa rọ́rọ́. Ó ní etí ọ̀tún ti lọ jìnnà, àti pé tí mi ò bá yàgò fún ariwo, tòsì á tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rù wèrè ṣe lọ tán nìyẹn, tí èyí jókòó sí àyè rẹ̀.

Àwọn mìíràn ló ń bá mi lọ to sípíkà báyìí. Oṣù èèwọ̀ ti tún dé. Lọ́sàn-án, ìyàwó mi á gbé àga rẹ̀ sí apá òsì mi, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa sọ bí tòmátì ṣe wọ́n àti ohun tí ará ilé kejì ṣe. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ohùn inú orí mi á rọlẹ̀. Nígbà míì, mi ò ní gbọ́ ohùn ìyàwó mi mọ́ lójijì, wíìì yẹn nìkan ló máa kù. Mi ò kì í mọ̀ bóyá òun ló dákẹ́ ni, àbí etí òsì mi. Màá wá rọra yíjú wo ẹnu rẹ̀.