Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ẹlẹ́wọ̀n Kì í Dìbò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Igbó-Ọrà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ bàbá mi. Aládùúgbò wa kan ló fi àdá gé ìkejì bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, níbi tí wọ́n ti ń jà sí ààlà oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Tápà. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ kún pòrọ̀ ebè lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá gbé ọkùnrin náà, adájọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Abẹ́òkúta.

Mo ti ń lọ sílé ìwé kí ọkùnrin náà tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí! Bí mo bá rí i lọ́nà odò, màá sá wọgbó. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Lanlátẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kí i. Bàbá mi nìkan ló máa ń dá a lóhùn tó bá kí wọn.

Ìṣèlú ìgbà náà gbóná ju iná lọ. Wọ́n á da bẹntiróòlù sílé ẹni tí kò ṣe ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á ṣáná sí i. Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, bàbá mi mú èmi àti ìyá mi dání lọ síbi ìbò, torí pé ọkàn wọn ò balẹ̀ láti fi wá sílé. A ti tò lórí ìlà nígbà tí ọkùnrin yìí dé, tó dúró lẹ́yìn.

Àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ kan ló gba ẹnu ọ̀nà. Olórí wọn pariwo pé, "Ìwọ ẹlẹ́wọ̀n, kí lo wá ṣe níbí?"

Ó ní, "Mo wá dìbò ni. Ìjọba tó tì mí mọ́lé náà ló ní kí n máa lọ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n fi la kóńdó mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ṣubú, wọ́n sì ń fi bàtà gún un níhà. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ wo ibòmíràn. Ni bàbá mi bá jáde lórí ìlà.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

Olórí wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà ló gé lọ́wọ́? À ń bá yín gbẹ̀san ni."

"Mi ò bẹ̀ yín ní ẹ̀san. Èmi ni ọkùnrin yìí ṣẹ̀, ó sì ti jìyà rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kó dìbò."

Ọ̀kan nínú wọn yọ àdá, ó fẹ́ fi ṣá bàbá mi lórí. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ fò dìde, ó dì mọ́ bàbá mi, ó sì fi ẹ̀yìn gba àdá náà. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ni òkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n dáná sun àpótí ìbò, ọlọ́pàá sá lọ, oníkálùkù sì forí lé ilé rẹ̀. Ìyá mi fa ìborùn wọn ya, wọ́n fi di egbò náà. Ilé wa la gbé e wá, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi san, àmọ́ èjìká rẹ̀ ò gbé nǹkan mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ológun gbàjọba, a ò gbúròó ìbò mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n dá ìbò padà, èmi náà ti di ìyá ọmọ. Ọkùnrin yìí wá kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ ọjọ́ ìbò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣetán?"

Àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde níbi ìbò, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń sunkún. "Wọn ò bi mí ní nǹkan kan," bẹ́ẹ̀ ló ń wí ṣáá. "Orúkọ mi nìkan ni wọ́n bi mí."

Ayé ti yí padà. Lóde òní, ọjọ́ ìbò ti di ọjọ́ tí ẹ̀yin ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ẹ̀wọ̀n dé ṣì ń rìn ní ìkọ̀kọ̀ láàárín wa. Ìjọba á ti tú u sílẹ̀. Àdúgbò ló kù tí kò tíì tú u sílẹ̀.