Ẹni Tó Gbé Èéyi Wọlé

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mo ṣì ń rí wọn lórí àpótí, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Òwu, tí wọ́n tẹ́ àbúrò mi sórí itan, tí wọ́n ń fi ẹmu ọ̀pẹ pa á lára kí èéyi lè yọ síta dáadáa. Aṣọ ni a fi dí fèrèsé, torí ojú ọmọ náà pọ́n, kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Òórùn ẹmu dà pọ̀ mọ́ ti àlùbọ́sà tí ìyá àgbà ń tà, tí àpò rẹ̀ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Aládùúgbò wa kan yọjú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ìtọ́jú o, Alhaja. Ẹmu nínú ilé yín kẹ̀?"

"Ta ló ń mu ún níbí? Ara ọmọ ló ń mu, èmi kọ́. Lọ sọ fún Lèmọ́ọ̀mù."

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tíì wọ́pọ̀ ládùúgbò wa nígbà náà. Ìyá mi ní kí n sún sẹ́yìn kó má baà ràn mí. Ìyá àgbà kọ̀.

"Jẹ́ kó gbé e. Èyí ti ṣe tirẹ̀ ní kékeré. Èéyi kì í bá èèyàn jà lẹ́ẹ̀mejì."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo gbé e. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan, ara rẹ̀ sì gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo ń rọ omi sí i lẹ́nu, mo ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ojú rẹ̀ là, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èéyi ti lọ.

Ikọ́ ló tẹ̀ lé e. Imú rẹ̀ ń fẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí. Ìyá mi pọ̀n ọ́n, ó sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú sí.

Lẹ́yìn tí a sin ín, bàbá mi dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pariwo: "Ta ló gbé àìsàn yìí wọlé? Ta ni?" Ìyá mi wà nílẹ̀, ó forí ti ògiri. Ni ìyá àgbà bá nawọ́ sí mi.

"Èyí ni. Iléèwé ló ti gbé e bọ̀."

Bàbá mi kò nà mí. Ì bá kúkú nà mí. Láti ọjọ́ náà, "ìwọ yìí" ló ń pè mí. Wọn kò sì jẹ́ kí n gbé ọmọ kankan mọ́ nínú ilé náà.

Ìwé ni mo fi wá ìdáhùn. Mo kà á pé àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn mìíràn ń rọ ohun ìjà tó bá kòkòrò kan ṣoṣo mu. Ogun yẹn ló ń fa ooru ibà. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, díẹ̀ lára wọn á máa rántí ojú ọ̀tá náà títí ayé. Bó bá tún dé, wọn ò ní jẹ́ kó ríbi jókòó. Ara tèmi kò lè gba èéyi lálejò, ká má tilẹ̀ sọ pé kó gbé e fún ẹlòmíràn. Mo tún kà á pé èéyi a máa pa àwọn ọmọ ogun náà. Bó bá lọ tán, ìlú á ṣófo, òtútù àyà á rọ́nà wọlé. Ọmọ tó rẹ́rìn-ín sí mi yẹn kò ní aṣọ́bodè kankan mọ́.

Ọdún tí mo gboyè, mo lọ bá ìyá àgbà lórí ẹní, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò lè mú mi mọ́. Ẹni tí kò lè mú, báwo ló ṣe gbé e wálé?"

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́ báyìí. Mo lọ síbi ìsìnkú wọn, mi ò sunkún. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ ọwọ́ fún mi, apá mi á kọ́kọ́ gan. Mo máa ń wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà á. Èsì tí ìyá àgbà fún mi lórí ẹní lọ́jọ́ náà kò sì kúrò létí mi. Wọn ò gbójú kúrò nínú àwo ẹ̀wà. Wọ́n ní:

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Lọ́jọ́ tí a sin ọmọ náà, bàbá rẹ ti ń wo ìyá rẹ bíi pé kó lé e jáde. Ọmọdé ni ọ́. Mo rò pé o máa gbàgbé."